Bí A Ṣe Ń Ka Ìlà àti Àmì Inú Máàpù Ojú Ọjọ́

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá síwájú yín lónìí dá lórí ohun kan tí a ń fojú rí lójoojúmọ́ tí a kì í sì í kà sí, ìyẹn àwòrán ilẹ̀ tí wọ́n máa ń gbé sójú tẹlifíṣọ̀n lẹ́yìn ìròyìn, tí ìlà wíwọ́ kún inú rẹ̀, tí àmì kéékèèké tò sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ ìlú kọ̀ọ̀kan, èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa kà sí ọ̀ṣọ́ lásán, tí a ó fi gbọ́ láti ẹnu ẹni tó ń sọ̀rọ̀ pé òjò lè rọ̀ níbì kan, tí a ó sì dìde lọ jẹun. Ìlà inú àwòrán yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Bí ilà ojú ti máa ń sọ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n pé ọmọ Ọ̀yọ́ ni ẹni yìí, pé ọmọ Oǹdó ni tọ̀hún, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ìlà kọ̀ọ̀kan nínú máàpù ojú ọjọ́ ń sọ ibi tí afẹ́fẹ́ ti wá, ohun tó gbé lọ́wọ́, àti ibi tó forí lé.

Rédíò kò lè gbé àwòrán wá bá yín, nítorí náà mo bẹ̀ yín, kí ẹni tí bébà àti pẹ́ńsù bá wà nítòsí rẹ̀ mú un, kí á jọ máa yà á bí ọ̀rọ̀ ti ń lọ. Ẹni tó bá sì wà lójú ọ̀nà, kí ó máa fi ojú inú yà á. Ohun tó gbé mi dé iwájú ẹ̀rọ yìí ni pé, ìmọ̀ kíka máàpù ojú ọjọ́, bí wọ́n ti ń kọ́ni nínú ọ̀pọ̀ ìwé, ilẹ̀ olótùútù ni wọ́n ti ṣe é, ilẹ̀ olótùútù ni wọ́n sì ṣe é fún. Ẹni tó bá kọ́ ọ bẹ́ẹ̀, tó wá dojú kọ máàpù ilẹ̀ wa, yóò máa wá ohun tí kò sí níbẹ̀, yóò sì fojú fo ìlà kan ṣoṣo tí òjò oko rẹ̀ so mọ́. Mo fẹ́ kí á mọ tiwọn, kí á sì mọ tiwa.

Ẹ̀rí ni máàpù ojú ọjọ́. Ẹ̀rí ọ̀pọ̀ ènìyàn ni, tí wọ́n jìnnà síra wọn, tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò rí ju ojú ọ̀run tó wà lókè orí tirẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n tí gbogbo wọn jẹ́rìí ní wákàtí kan náà. Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ìtàn sì fi hàn pé ọ̀fọ̀ ló kọ́ aráyé ní ọgbọ́n yìí. Ní ọjọ́ 14 oṣù Bélú, ọdún 1854, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé ń bá Rọ́ṣíà jagun ní Kiriméà, ìjì ńlá kan kọ lu àwọn ọkọ̀ wọn ní Balaklava létí Òkun Dúdú, ó fọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn yángá, ó sì ri ọkọ̀ tó kó aṣọ òtútù àwọn ọmọ ogun, nígbà tí ọ̀gìnnìtìn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kanlẹ̀kùn. Ìṣẹ̀lẹ̀ yìí ló mú kí wọ́n ké sí Urbain Le Verrier, ọ̀gá ilé ìwòràwọ̀ ìlú Párísì, ọkùnrin tó ti fi ìṣirò nìkan tọ́ka sí ibi tí wọ́n ti rí pílánẹ́ẹ̀tì Neptune ní ọdún 1846. Le Verrier kọ̀wé káàkiri Yúróòpù, ó ní kí olúkúlùkù onímọ̀ sọ fún òun bí ojú ọjọ́ ti rí lọ́dọ̀ rẹ̀ láti ọjọ́ 12 títí dé ọjọ́ 16 oṣù náà. Ìdáhùn tó lé ní 250 wọlé. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò pọ̀, ó hàn gbangba pé ìjì náà kò bẹ̀rẹ̀ ní Balaklava rárá. Ó ti ń rìn bọ̀ láti ìwọ̀-oòrùn fún ọjọ́ mélòó kan, ó ń gba orí ìlú kan bọ́ sí òmíràn, gbogbo ẹni tó sì gba orí wọn kọjá ló rí i, tí kò sí ẹni tó sọ fún ẹni tó kàn. Ká ní ẹnì kan ti tẹ wáyà ni, àwọn atukọ̀ ì bá ti mọ̀ kí ó tó dé.

Lẹ́yìn ìgbà náà ni fífi wáyà kó ẹ̀rí jọ sójú kan gbilẹ̀. Ní ọjọ́ 1 oṣù Igbe, ọdún 1875, ìwé ìròyìn The Times ti ìlú Lọ́ńdọ̀nù tẹ máàpù ojú ọjọ́ jáde fún ará ìlú, Francis Galton ni ó ṣe é. Lónìí, yálà ní Ìkẹjà ni o, tàbí ní Kútọnu, ní Háfánà tàbí ní Bergen, àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí máa ń jáde lọ síbi ẹ̀rọ wọn ní wákàtí kan náà, ní òru àti ní ọ̀sán, wọn a wo ọ̀run, wọn a ka ẹ̀rọ, wọn a sì fi iye rẹ̀ ránṣẹ́. N kò mọ iṣẹ́ púpọ̀ tí ọmọ aráyé fi ìṣọ̀kan ṣe tó báyìí, a sì jẹ wọ́n ní gbèsè ọpẹ́.

Wàyí o, ẹ ya àmì róbótó kékeré kan sí àárín bébà yín. Róbótó yẹn ni Ìkẹjà, ká sì sọ pé ọ̀sán ọjọ́ kan ni, nínú oṣù Igbe, nígbà tí ooru mú gan-an. Inú róbótó náà ni wọ́n ń kọ ìkùukùu sí. Wọ́n pín ojú ọ̀run sí ọ̀nà mẹ́jọ: bí ọ̀run bá mọ́ tónítóní, wọn yóò fi róbótó sílẹ̀ lófìfo, bí ìkùukùu bá bo ìdajì, wọn yóò kun ìdajì rẹ̀ dúdú, bó bá bo gbogbo rẹ̀, dúdú ni róbótó yóò jẹ́ láti etí dé etí. Ẹ kun mẹ́fà nínú ọ̀nà mẹ́jọ tiyín.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fa ìlà tààrà kan jáde láti ara róbótó lọ sí gúúsù ìwọ̀-oòrùn, ìyẹn ni sí ìsàlẹ̀ lápá òsì bébà. Igi afẹ́fẹ́ nìyẹn. Ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀ ni igi náà máa ń nà sí, kì í ṣe ibi tó ń lọ, ibi yìí gan-an ni ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń yẹ̀. Ní ìpẹ̀kun igi yìí ni wọ́n ń so ìyẹ́ mọ́, láti fi hàn bí afẹ́fẹ́ ti le tó: ìyẹ́ kúkúrú dúró fún nọ́ọ̀tì 5, ìyẹ́ gígùn dúró fún nọ́ọ̀tì 10, àsíá onígun mẹ́ta sì dúró fún nọ́ọ̀tì 50. Nọ́ọ̀tì ni àwọn atukọ̀ fi ń díwọ̀n ìyára, nọ́ọ̀tì 10 sì jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 18 àbọ̀ ní wákàtí kan. Ẹ so ìyẹ́ gígùn kan mọ́ tiyín: afẹ́fẹ́ òkun ni, ó ń fẹ́ wọlé jẹ́jẹ́.

Ó ku àwọn nọ́ńbà. Ẹ kọ 31 sí apá òsì lókè róbótó. Ìyẹn ni bí ooru ti tó, dígírì 31. Ẹ kọ 25 sí apá òsì nísàlẹ̀. Nọ́ńbà ìsàlẹ̀ yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí jù lọ, nítorí yóò wúlò fún wa níwájú: òun ni ìwọ̀n tí afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ tutù dé kí ìrì tó lè sẹ̀. Bí nọ́ńbà òkè àti ti ìsàlẹ̀ bá sún mọ́ra, omi kún inú afẹ́fẹ́ náà. Bí wọ́n bá jìnnà síra, afẹ́fẹ́ náà gbẹ. Ní apá ọ̀tún lókè, ẹ kọ 098. Èyí ni ìwúwo afẹ́fẹ́, àwọn tó ń ya máàpù sì máa ń gé orí rẹ̀ kúrò kí àyè má baà há. Bí nọ́ńbà mẹ́ta yẹn bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òǹkà kékeré, ẹ fi 10 sí iwájú rẹ̀, kí ẹ sì fi àmì sí iwájú èyí tó kẹ́yìn: 098 di 1009.8. Bó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òǹkà ńlá, bíi 987, ẹ fi 9 sí iwájú, kí ó di 998.7. Mílíbà ni àwọn àgbà ọ̀mọ̀wé ń pè é tẹ́lẹ̀. Héktópáskà ni wọ́n ń pè é nísinsìnyí, iye kan náà ni.

Láàárín nọ́ńbà méjì apá òsì ni àmì ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ máa ń wà. Tóótó dúdú kan ni òjò. Bó bá di méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, òjò náà ń rọ̀ láìdáwọ́ dúró ṣùgbọ́n kò le. Bó bá di mẹ́ta, ó ti ń le. Bó bá di mẹ́rin, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jáde. Kọ́mà ni òjò wínníwínní. Àmì onígun mẹ́ta tó dorí kodò ni ọ̀wààrà òjò tó ń wá tó ń lọ. Ìlà mẹ́ta tó nà gbalaja lórí ara wọn ni kùrukùru tí kì í jẹ́ kí awakọ̀ rí iwájú. Lẹ́tà S ni eruku tó gba ojú ọ̀run kan, èyí tí ẹ óò máa rí lára Kánò àti Màídúgùri nígbà ọyẹ́. Ti àrá rí bíi lẹ́tà R tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan di ọfà. Àmì ìràwọ̀ tún wà fún yìnyín tí ń bọ́ bí òwú ní ilẹ̀ òyìnbó, èyí tí ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Ṣìkágò yóò máa pàdé. Bí ojú bá farabalẹ̀, yóò rí imú: ẹni tó bá fi sùúrù wo róbótó kan ṣoṣo yìí ti mọ ohun tí ẹni tó dúró ní Ìkẹjà mọ̀ ní wákàtí yẹn.

Ṣùgbọ́n róbótó kan kì í ṣe máàpù. Nígbà tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún róbótó bá ti jókòó sórí àwòrán ilẹ̀ ni ẹni tó mọ iṣẹ́ yóò mú pẹ́ńsù rẹ̀, yóò wá gbogbo ibi tí ìwúwo afẹ́fẹ́ ti jẹ́ 1012, yóò sì fa ìlà kan la àárín wọn kọjá, kí èyí tó wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ wà ní ọwọ́ kan, kí èyí tó fúyẹ́ sì wà ní ọwọ́ kejì. Lẹ́yìn ìyẹn yóò fa ti 1016, yóò fa ti 1008, mẹ́rin-mẹ́rin títí. Ìlà méjì kì í gba orí ara wọn kọjá, nítorí ibì kan ṣoṣo kò lè ní ìwúwo méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ìwọ̀n tí afẹ́fẹ́ máa ń wúwo létí òkun jẹ́ nǹkan bíi 1013; ibi tí ìlà bá ti yípo tó sì wúwo jù ní àárín, wọn yóò kọ H sí i, ibi tó bá fúyẹ́ jù, wọn yóò kọ L. Ní ibi H, afẹ́fẹ́ ń rọra sọ̀kalẹ̀ láti òkè, ọ̀run sì sábà máa ń mọ́. Ní ibi L, ó ń gòkè, ìkùukùu a sì máa jọ. Ibi tí ìlà wọ̀nyí bá ti fún mọ́ra gádígádí, ẹ mọ̀ pé ẹ̀fúùfù ibẹ̀ yóò le gan-an. Ibi tí wọ́n bá jìnnà síra, ewé igi kò ní mì púpọ̀.

Ọ̀mọ̀wé ará Nẹ́dálándì kan, Buys Ballot, ló fún wa ní òfin kan ní ọdún 1857 tí kò gba ẹ̀rọ kankan. Bí ẹ bá wà ní ìhà àríwá ayé, tí ẹ kẹ̀yìn sí afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́, ibi tí afẹ́fẹ́ ti fúyẹ́, ìyẹn ibi L, wà ní ọwọ́ òsì yín. Yíyí tí ayé ń yí ló fà á: afẹ́fẹ́ ì bá sáré tààrà láti H lọ sí L, ṣùgbọ́n ayé ń yí lábẹ́ rẹ̀, ó sì ń tì í sí ọ̀tún, títí yóò fi di pé ó ń yí L po ní òdìkejì bí ọwọ́ agogo ti ń lọ. Àwọn ará wa tó wà ní Bàhíà, ní ilẹ̀ Bùràsíìlì, níbi tí í ṣe ìhà gúúsù ayé, ní láti dorí gbogbo èyí kodò: ọwọ́ ọ̀tún ni ti wọn.

Ní ilẹ̀ olótùútù, ẹ óò tún rí ìlà nípọn tí wọ́n to nǹkan sí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn ará Bergen ní Nọ́wè, Vilhelm Bjerknes àti ọmọ rẹ̀ Jacob, àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́, ni wọ́n fi wọ́n lé aráyé lọ́wọ́ lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní. Ìlà aláwọ̀ búlúù tó ní eyín ṣóńṣó-ṣóńṣó ni iwájú afẹ́fẹ́ tútù tó ń ti èyí tó lọ́wọ́ọ́wọ́ sẹ́yìn. Ìlà pupa tó ní ìdajì róbótó ni iwájú afẹ́fẹ́ tó gbóná díẹ̀. Ibi tí eyín bá kọ ojú sí ni ìlà náà ń lọ. Bí eyín àti ìdajì róbótó bá wà pọ̀ ní ojú kan náà lórí ìlà aláwọ̀ àlùkò, afẹ́fẹ́ tútù ti lé èyí tó ṣáájú bá.

Kí ẹ lè mọ bí irú ìlà bẹ́ẹ̀ ti lè wúwo tó nínú ọ̀ràn ayé, ẹ gbọ́ èyí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Òkúdu, ọdún 1944, ọ̀kẹ́ àìmọye ọmọ ogun wà ní etíkun Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń dúró láti ré òkun kọjá lọ gba ilẹ̀ Faransé lọ́wọ́ Jámánì, ọjọ́ 5 ni wọ́n sì dá. Ní Blacksod, etíkun kan ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Áílándì, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń jẹ́ Maureen Flavin, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìfìwéránṣẹ́, wo bàrómítà ní ọwọ́ òru, ó rí i pé ìwúwo afẹ́fẹ́ ń já wálẹ̀ kánkán, ó sì fi í ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n pè é padà láti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé kí ó tún un yẹ̀ wò. Ó tún un yẹ̀ wò, bẹ́ẹ̀ náà ni. Áílándì kò sí nínú ogun náà, ọ̀dọ́mọbìnrin yìí kò sì mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi nọ́ńbà rẹ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n nígbà tí nọ́ńbà yẹn dé orí máàpù James Stagg, ẹni tó ń gba Ọ̀gágun Eisenhower nímọ̀ràn lórí ojú ọjọ́, ó fi hàn pé ìjì ń bọ̀ wá bá wọn lójú omi. Eisenhower sún ọjọ́ náà sí ọjọ́ 6. Mo sọ èyí nítorí àwọn tó jókòó sí ibùdó ojú ọjọ́ kéékèèké ilẹ̀ wa, tí wọ́n ń jí lóru lọ ka ẹ̀rọ tí kò sí ẹni tó rí wọn.

Ó tó kí á padà sílé wàyí. Bí a ti í ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni, èyí gan-an ló sì rí pẹ̀lú máàpù ojú ọjọ́. Ẹ mú gbogbo ohun tí mo sọ nípa ìlà ìwúwo afẹ́fẹ́, kí ẹ fẹ́ fi ka máàpù Nàìjíríà, Bìní-Kútọnu àti Tógò: ẹ óò rí i pé ìlà náà kò tó nǹkan. Láti Èkó títí dé Sókótó, ó lè jẹ́ pé ìlà kan tàbí méjì péré ni yóò kọjá. Èkínní, ilẹ̀ wa sún mọ́ ìlà agbedeméjì ayé, níbi tí yíyí ayé kò ti fi bẹ́ẹ̀ ti afẹ́fẹ́ sọ́tùn-ún tàbí sósì, nítorí náà òfin Buys Ballot kò múlẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Èkejì, ìwúwo afẹ́fẹ́ wa ní ìlọ àti ìbọ̀ tirẹ̀ tí kò kan òjò: lójoojúmọ́, a máa gòkè ní nǹkan bí agogo mẹ́wàá àárọ̀ àti mẹ́wàá alẹ́, a sì máa sọ̀kalẹ̀ ní nǹkan bí agogo mẹ́rin ìdájí àti mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ó sì lè tó mílíbà mẹ́ta. Ẹni tó bá rí bàrómítà tó ń sọ̀kalẹ̀ ní Ìbàdàn lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, tó sì sáré kó aṣọ wọlé, agogo ló rí, kì í ṣe ìjì.

Kí ni kí á máa wò nígbà náà? Afẹ́fẹ́ méjì ló ń jọba lórí ilẹ̀ wa. Ọ̀kan ń ti orí Òkun Atlantic bọ̀ láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn, olómi lára, abọ́jòrìn, tí í sọ ẹ̀ẹ̀rùn di ọ̀rinrin. Èkejì ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà bọ̀ láti àríwá ìlà-oòrùn, gbígbẹ, eléruku, ọyẹ́ tí í mú ètè sán, tí í sì fi eruku ilẹ̀ Ṣáàdì kun orí òrùlé wa. Ibi tí àwọn méjèèjì ti pàdé lórí ilẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ń fa ìlà gígùn kan sí, láti apá Sẹ̀nẹ̀gà la Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà já, ITD ni wọ́n sì ń kọ sí i lára. Ìlà yìí ni ọba nínú máàpù wa. Bí ẹnì kan kò bá tilẹ̀ fà á fún yín, ẹ lè fà á fúnra yín, nítorí nọ́ńbà ìsàlẹ̀ apá òsì tí mo ní kí ẹ fi ọkàn sí ni ẹ óò lò: ibi tó bá ti tó dígírì 15, ibẹ̀ ni ìlà gbà. Ní gúúsù rẹ̀, Ìlọrin lè ní 22, igi afẹ́fẹ́ rẹ̀ yóò sì nà sí gúúsù ìwọ̀-oòrùn. Ní àríwá rẹ̀, Kánò lè ní 2, tàbí kí ó tilẹ̀ rẹlẹ̀ ju òdo lọ, igi afẹ́fẹ́ rẹ̀ yóò sì nà sí àríwá ìlà-oòrùn.

Ìlà yìí kì í jókòó sójú kan. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́, ó máa ń sọ̀kalẹ̀ wá sí ìtòsí etíkun wa, ní nǹkan bíi dígírì 6 sí 8 ìhà àríwá, ìdí nìyẹn tí ọyẹ́ fi ń dé Ìbàdàn, nígbà mìíràn títí dé Èkó. Ní oṣù Ògún, ó ti gòkè lọ sí nǹkan bíi dígírì 20, nínú aṣálẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rò pé orí ìlà yẹn gan-an ni òjò ń rọ̀ sí. Afẹ́fẹ́ òkun tó dé ibẹ̀ ti tinrin, ti aṣálẹ̀ sì gùn ún lẹ́yìn, kò jẹ́ kí ìkùukùu rẹ̀ lè ga. Ó di ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlómítà sí gúúsù kí afẹ́fẹ́ olómi náà tó nípọn tó èyí tí òjò gidi lè ti inú rẹ̀ jáde. Nítorí náà ni àwọn onímọ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà fi pín ilẹ̀ sí àgbègbè, láti A títí dé E: A ni aṣálẹ̀ tó wà lókè ìlà, B ni ibi tí òjò ti ṣọ̀wọ́n lábẹ́ rẹ̀, C ni ibi àrá àti ìjì, D ni ibi òjò àrọ̀ọ̀dá, E tó jìnnà jù sí gúúsù ni ibi tí ọ̀run ti ń ṣú, tí ara ń tutù, tí òjò kò sì pọ̀. Nígbà tí ìlà bá gòkè dé ibi tó ga jù, E ni àwa ará gúúsù bọ́ sí, òun náà sì ni ìdáwọ́dúró òjò tí a mọ̀ nínú oṣù Ògún.

Ẹ̀yin àgbẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín ju ẹnikẹ́ni lọ. Ìlà yìí a máa gòkè nínú oṣù Èrèlé tàbí Ẹrẹ́nà, òjò kan tàbí méjì a sì rọ̀, oko a tutù, inú a dùn. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìlà náà a tún padà sẹ́yìn, ọyẹ́ díẹ̀ a tún dé, àgbàdo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọrí a sì rọ. Òjò ṣú kò tó kí a da omi inú àmù nù. Ẹni tó bá ń wo nọ́ńbà ìsàlẹ̀ apá òsì ní Ìlọrin, Mínná àti Kàdúná fún ọjọ́ díẹ̀ léraléra, tó rí i pé gbogbo wọn ti kọjá 15 tí wọn kò sì padà sẹ́yìn, ni ó ní ẹ̀rí lọ́wọ́ kí ó tó da irúgbìn sílẹ̀.

Ìlà kejì tó yẹ kí ẹ mọ̀ dáadáa ni ìlà ìjì. Ẹ óò rí i bí ìlà kékeré kan, tóótó méjì, ìlà kékeré, tóótó méjì, tó nà láti àríwá sí gúúsù. Èyí ni ìjì ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí ìgbà òjò, tó ń ṣí páànù lórí ilé, tó ń wó ọ̀gẹ̀dẹ̀, tí kì í fi bẹ́ẹ̀ pẹ́ ṣùgbọ́n tí ibi tó gbà kì í ṣeé gbàgbé. Hamilton àti Archbold kọ̀wé nípa rẹ̀ ní ọdún 1945, nínú iṣẹ́ wọn lórí ojú ọjọ́ Nàìjíríà, ohun tí àwọn bàbá wa sì ti mọ̀ tipẹ́ ni wọ́n kọ sínú ìwé: pé ìlà-oòrùn ló ń ti bọ̀. Ohun ìyanu rẹ̀ ni pé afẹ́fẹ́ ilẹ̀ ń fẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn, ìjì náà sì ń dojú kọ ọ́ bọ̀, nítorí afẹ́fẹ́ òkè, tí ó ń ti ìlà-oòrùn fẹ́, ló gbé e lẹ́sẹ̀. Ó máa ń rìn ní nǹkan bíi kìlómítà 50 ní wákàtí kan. Bí máàpù bá fi hàn pé ó wà ní Lọ́kọ́ja ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, tí ẹ sì mọ̀ pé láti ibẹ̀ dé Ìbàdàn jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 300 bí ẹyẹ bá fò ó, ẹ ti mọ̀ pé bí kò bá kú sójú ọ̀nà, nǹkan bí agogo mẹ́wàá alẹ́ ni yóò wọ Ìbàdàn. Kò gba ju kí a fi nọ́ńbà kan pín òmíràn lọ, ó sì tó láti fi so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀, láti fi kó ẹrù ọjà kúrò níta, kí àwọn apẹja sì tètè fa ọkọ̀ wọn wá sí èbúté.

Ohun mìíràn tún ń gba òkè wa kọjá láti ìlà-oòrùn, tí ojú kì í rí ṣùgbọ́n tí máàpù afẹ́fẹ́ òkè ń fi hàn: ìgbì afẹ́fẹ́, tó ń jáde láti apá òkè gíga Ìtópíà àti Sùdáànì ní ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún síra wọn nígbà òjò, tó ń la Áfíríkà já, tó sì ń bọ́ sí Òkun Atlantic. Púpọ̀ nínú wọn a kú sójú omi. Ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú wọn a mu omi gbígbóná òkun náà yó, a sì di ìjì àjálù tó ń kọ lu Kúbà àti Amẹ́ríkà. Ìgbì tó gba òkè Ìlọrin kọjá lè dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ Lùkùmí, ìran Yorùbá tó ń bọ Ọya ní Kúbà, lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ní ìlú Háfánà ni Fadá Benito Viñes, tó ń wo ìkùukùu òkè àti bàrómítà, ti kìlọ̀ nínú ìwé ìròyìn ní ọjọ́ 11 oṣù Ọ̀wẹwẹ̀, ọdún 1875, pé ìjì ń bọ̀. Àwọn tó ń ṣọ́ ìjì ní Kúbà lónìí náà ní láti máa wo máàpù tiwa.

Kí n tó dákẹ́, ẹ jẹ́ kí n fi ohun kan lé yín lọ́wọ́ tí ẹ óò máa kọ́kọ́ wò kí ẹ tó wo ìlà kankan. Ní igun máàpù, wọn a kọ ọjọ́ àti wákàtí tí wọ́n gba ẹ̀rí rẹ̀, lẹ́tà Z tàbí UTC sì máa ń tẹ̀ lé e, èyí tó dúró fún agogo àgbáyé. Agogo 12 tí wọ́n kọ síbẹ̀ jẹ́ agogo kan ọ̀sán ní Èkó àti ní Kútọnu, ó sì jẹ́ agogo méjìlá gan-an ní Lòmé. Bí ẹ bá rí 0600 lórí máàpù tí wọ́n fi hàn yín lálẹ́, agogo méje àárọ̀ ni ìjì inú rẹ̀ wà níbi tó wà yẹn. Ẹ ka wákàtí tó ti kọjá, ẹ fi 50 sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ sì sún ìlà náà sí ìwọ̀-oòrùn fúnra yín kí ẹ tó pinnu bóyá ẹ óò jáde.